Páńkíríásì àti Ìrora Tí Kò Ní Orúkọ: Bí Wíwú Òjijì Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Já Sí ní Ọ̀tà

Àṣàmọ̀

Páńkíríásì jẹ́ ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tí ó ń pèsè omi tí ń tú oúnjẹ àti èròjà tí ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ níjàánu. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí wíwú òjijì rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ń fà á, àti ìdí tí ó fi rọrùn láti ṣì í mú fún ọgbẹ́ inú, ibà tàbí májèlé. Ọ̀tà àti Sángo-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ iléeṣẹ́, ọtí líle, egbòogi àti ìgbàgbọ́ àtayébáyé pàdé níbẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé àìní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún ẹ̀yà ara yìí lè dá aláìsàn dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, àti pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá.

Ìfáàrà

Ìmọ̀ Yorùbá nípa inú ara kò kéré. Ẹni tí ó bá dúró nídìí tábìlì alápatà yóò gbọ́ ẹ̀dọ̀, ọkàn, fùkù, kíndìnrín, ṣàkì àti abọ́dì. Ẹni tí ó ń pa adìyẹ mọ̀ pé òróòro kò gbọdọ̀ fọ́, kí ẹran má baà korò. Ohun tí ọwọ́ kàn, tí ẹnu sì tọ́ wò, ni èdè sọ lórúkọ. Páńkíríásì kò sí lára ìwọ̀nyí. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ti ọ̀rá tí ó yí i ká, tí ó fi rọrùn láti gé e pọ̀ mọ́ ọ̀rá náà láìyà á sọ́tọ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ẹ̀yà ara yìí fara pamọ́ fún. Herophilus, oníṣègùn Gíríìkì tí ó gbé ní Alexandria ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Orúkọ Gíríìkì tí ó ń jẹ́ títí di òní kò túmọ̀ sí ju "ẹran látòkèdélẹ̀" lọ, nítorí pé kò ní egungun kankan nínú. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Àìlórúkọ yìí ìbá má ṣe nǹkan kan bí ẹ̀yà ara náà kì í bá ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ó ń ṣàìsàn, wíwú òjijì rẹ̀ sì wà lára àwọn inú rírun tí ó le jù lọ. Nígbà tí ìrora bá dé, tí orísun rẹ̀ kò sì ní orúkọ, orúkọ mìíràn ni a ó fún un, orúkọ náà ni yóò sì tọ́ka ibi tí aláìsàn yóò kọ́kọ́ wá ìwòsàn lọ.

Ẹ̀yà ara náà àti iṣẹ́ rẹ̀

Nínú àgbàlagbà, páńkíríásì gùn tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 15. Orí rẹ̀ sinmi sí inú ibi tí ìfun kékeré ti tẹ̀ kọdọrọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì nà lọ sí apá òsì. Nítorí pé ẹ̀yìn inú ni ó wà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ìrora rẹ̀ máa ń gún wọ ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Èkíní ni pípèsè omi tí ń tú oúnjẹ, tí ó tó lítà 1.5 lójúmọ́. Inú omi yìí ni ẹ́ńsáìmù wà, ìyẹn àwọn èròjà tí ń fọ́ ẹran, ọ̀rá àti oúnjẹ onísítáàṣì sí wẹ́wẹ́ kí ara lè lò wọ́n. Omi náà ń gba ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó la àárín ẹ̀yà ara náà kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀nà yìí àti èyí tí òróòro ń gbà bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ máa ń pàdé kí wọ́n tó já sí ìfun. Ìpàdé ọ̀nà méjì yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí ó bá dí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ yóò pa àwọn méjèèjì lára.

Iṣẹ́ kejì ni ti ṣúgà. Ní 1869, Paul Langerhans, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin, ṣàpèjúwe àwọn ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó wà káàkiri inú páńkíríásì bí erékùṣù inú òkun. Ní 1921, Frederick Banting àti Charles Best yọ insulin jáde láti inú páńkíríásì ajá ní Toronto, wọ́n sì fi hàn pé àìtó rẹ̀ ni ó wà nídìí àtọ̀gbẹ tí ó ti ń pa ọmọdé àti àgbà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ ìtọ̀ ṣúgà dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó mọ ẹ̀yà ara tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àrùn rẹ̀

Mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn àtọ̀gbẹ. Wíwú òjijì máa ń dé láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè lọ pátápátá. Wíwú bárakú ń ba ẹ̀yà ara náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí oúnjẹ kò fi ní dà mọ́ tí àtọ̀gbẹ yóò sì wọlé. Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ, tí ó sábà máa ń fara pamọ́ títí tí ojú àti ìtọ̀ aláìsàn yóò fi pọ́n.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ìtàn tirẹ̀ nípa wíwú bárakú. Ní 1969, Olurin àti Olurin tẹ àbọ̀ jáde láti Ìbàdàn nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa ènìyàn 45 tí òkúta ti dì sínú páńkíríásì wọn. Irú àrùn yìí wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru, ó sì máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ tí kò mu ọtí rí. Fún ìgbà kan, àwọn onímọ̀ fura sí ẹ̀gẹ́, nítorí oró sáyánáìdì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò ti èrò náà lẹ́yìn. Àbùdá tí a jogún ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tọ́ka sí báyìí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo aláìsàn páńkíríásì ni ọ̀mùtí, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn ẹni tí ó bá fẹ́ dá aláìsàn lẹ́bi.

Bí wíwú òjijì ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Reginald Fitz ti Boston ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn yìí lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ní 1889. Ní 1896, Hans Chiari, ní Prague, sọ ohun tí ó jẹ́ ọkàn ọ̀rọ̀ náà títí di òní: páńkíríásì ń tú ara rẹ̀ bí ìgbà tí ó ń tú oúnjẹ. Yorùbá ní òwe tí ó bá a mu wẹ́kú: kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Báwo ni ẹ̀yà ara tí ń ṣe ohun tí ń jẹ ẹran ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó ń ṣe? Ààbò mẹ́ta ni ó ní. Àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹ́ńsáìmù náà ní pípé. Èyí tí ó lágbára jù, trypsin, ni ó máa ń ṣe ní àìpé, tí a ń pè ní trypsinogen, bí àdá tí ó ṣì wà nínú àkọ̀. Inú ìfun nìkan ni èròjà tí ń fa àdá náà yọ wà. Èkejì, inú àpò tín-ín-tìn-ìn-tín ni sẹ́ẹ̀lì ń kó wọn sí, lọ́tọ̀ sí àwọn èròjà mìíràn tí ó lè jí wọn. Ẹ̀kẹta, sẹ́ẹ̀lì náà ní aṣọ́nà kan, SPINK1, tí ń dì mọ́ ìwọ̀nba trypsin tí ó bá jí ṣáájú àkókò, kí ó má baà ṣiṣẹ́.

Wíwú òjijì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ààbò wọ̀nyí bá wó. Bí ọ̀nà omi bá dí, tàbí tí oró bá wọ sẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n káṣíọ́mù inú sẹ́ẹ̀lì náà yóò ga, yóò sì wà ní gíga. Omi tí ó yẹ kí ó jáde kò ní rí ọ̀nà lọ. Àwọn àpò tí ó yẹ kí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò dà pọ̀, èròjà kan tí ń jẹ́ cathepsin B yóò sì jí trypsinogen níbi tí kò yẹ. Trypsin tí ó bá ti jí yóò jí òmíràn, yóò sì jí àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn: èyí tí ń jẹ awọ ara sẹ́ẹ̀lì, àti èyí tí ń jẹ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara yóò dé láti jà, ìjà wọn fúnra rẹ̀ yóò sì dá kún ìbàjẹ́ náà.

Ohun tí ó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ páńkíríásì nìkan mọ́. Ọ̀rá àyíká rẹ̀ tí ẹ́ńsáìmù ti jẹ yóò dà pọ̀ mọ́ káṣíọ́mù bí ìgbà tí a bá ń se ọṣẹ, káṣíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ yóò máa jò, omi ara yóò dà sínú ikùn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò já, kíndìnrín kò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ tó láti ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró náà lè kún fún omi. Nínú ènìyàn 100 tí ó ní àrùn yìí, nǹkan bí 80 ni tiwọn máa ń mọ níwọ̀n, tí ara wọn yóò sì yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti àwọn tí ó le fún, apá kan páńkíríásì lè kú, kòkòrò àrùn sì lè wọ ibi tí ó kú náà. Iye tí ń kú nínú wọn lè tó ènìyàn 1 nínú 5.

Ohun tí ń fà á, àti bí ó ṣe kan Ọ̀tà

Káàkiri ayé, òkúta inú àpò òróòro ni ó gba ipò kìíní, ọtí líle sì tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì ni ó kan Ọ̀tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀.

Òkúta òróòro kì í ṣe àrùn àwọn tí ń jẹ ọ̀rá púpọ̀ nìkan. Nínú àwọn tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń tètè fọ́, àwọ̀ tí ó jáde láti inú wọn sì ń dì di òkúta dúdú nínú àpò òróòro, nígbà mìíràn láti ìgbà èwe. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ oní-fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ ní ayé. Nígbà tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé, páńkíríásì yóò wú. Ewu ibẹ̀ ni pé aláìsàn náà ti mọ ìrora. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ yóò rò pé ìrora tí ó ti ń bá a fínra tẹ́lẹ̀ ni ó tún dé, wọn yóò sì fi oògùn ìrora dúró sílé.

Ní ti ọtí, ipò Ọ̀tà yẹ ní àkíyèsí. Ìlú Àwórì àtijọ́ yìí, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, wà ní ẹnu ibodè Èkó, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ojú ọ̀nà Ìdíròkò. Ó sì ti di ọ̀kan lára ibi tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń jáde lóru, tí awakọ̀ àti alágbàrù sì ń dúró di èrò, paraga kì í jìnnà. Egbòogi tí a rẹ sínú ọtí líle ni, àwọn ènìyàn sì ń mu ún fún agbára, fún ẹ̀yìn dídùn àti fún jẹ̀díjẹ̀dí. Nítorí pé oògùn ni a pè é, ọ̀pọ̀ tí ń mu ún lójoojúmọ́ kì í ka ara wọn mọ́ ọ̀mùtí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọtí líle inú láílọ́ọ̀nù wà. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ olùṣe ọtí fọwọ́ sí àdéhùn láti mú un kúrò ní ọjà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú òfin náà ṣẹ, kí wọ́n tó sún un síwájú di oṣù Kejìlá 2025.

Inú sẹ́ẹ̀lì páńkíríásì gan-an ni ọtí ti ń ṣe ọṣẹ́. Ó ń dà pọ̀ mọ́ àwọn èròjà ọ̀rá di oró tí ń gbé káṣíọ́mù sókè. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí ń mu ọtí púpọ̀ ni àrùn yìí ń mú, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún mímu lójoojúmọ́ sì ni. Sìgá mímu dá dúró gẹ́gẹ́ bí ewu, ó sì ń sọ ewu ọtí di púpọ̀.

Àwọn ohun mìíràn tí ó ń fà á ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ga rékọjá, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀, aràn inú tí ó rá wọ ojú ọ̀nà òróòro, àti àwọn oògùn kan. Oró apakòkòrò bí irú èyí tí ń bẹ nínú ọtapiapia náà wà níbẹ̀, nítorí pé ó ń lé páńkíríásì láti da omi rẹ̀ jáde láìdúró. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀.

Orúkọ tí ìrora náà ń gbà

Ìrora yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì ní òkè inú. Ó máa ń gún wọ ẹ̀yìn, ó ń le sí i bí aláìsàn bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì ń rọ̀ díẹ̀ bí ó bá tẹ̀ síwájú. Èébì máa ń bá a wá, èébì náà kì í sì í mú ìtura wá. Ibi tí ó wà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ fún ọgbẹ́ inú, nítorí náà ọgbẹ́ inú ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń gbà. Bí ibà bá tẹ̀lé e, a ó pè é ní taifọ́ọ̀dù. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀ ní kẹ́míìsì tàbí lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, wákàtí sì ń lọ.

Orúkọ kẹta ni májèlé. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá jẹun níbi àríyá, tí ó mu ọtí, tí inú rẹ̀ sì dá a gúnlẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, èrò tí ó máa ń wá sọ́kàn ni pé ẹnìkan fi nǹkan sí i. Ní Ọ̀tà, ìlú tí ọ̀pọ̀ ìtàn Ifá so mọ́ àwọn Ìyá-mi Òṣòròǹgà, àlàyé mìíràn tún wà nílẹ̀: wọ́n ń jẹ ẹ́ láti inú. Kì í ṣe ohun tí onímọ̀ yóò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó sọ pé a ń jẹ òun láti inú ti ṣàpèjúwe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí páńkíríásì ju ẹni tí ó pè é ní ọgbẹ́ inú lọ. Ibi tí àlàyé náà ti yà ni ẹni tí ó ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ara ni ó ń jẹ ara.

Iye tí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè náni hàn ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù Kẹrin 2015. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lójijì níbẹ̀, àwọn kan sì sọ pé ìbínú òrìṣà Malòkun ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé oró methanol inú ọtí ìbílẹ̀ ni. Kì í ṣe páńkíríásì ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ náà ṣe kedere: níwọ̀n ìgbà tí orúkọ àìsàn bá jẹ́ ìbínú, ìwẹ̀nùmọ́ ni ènìyàn yóò wá, kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn

Bí aláìsàn bá dé, mímọ àrùn náà kò ṣòro. Ẹ̀rí méjì nínú mẹ́ta ti tó: irú ìrora tí a ti ṣàpèjúwe; ẹ́ńsáìmù amylase tàbí lipase nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ga tó ìlọ́po mẹ́ta òṣùwọ̀n tí ó yẹ; tàbí àwòrán inú ara. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ní oògùn àrà kan. Omi ni a ń fà sí aláìsàn lára ní ìwọ̀n tí ó yẹ, nítorí pé ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé àpọ̀jù omi ń pa aláìsàn lára. A ó pa ìrora, a ó sì dá oúnjẹ padà ní kété tí inú bá gbà á. Bí òkúta bá ni ó fà á, iṣẹ́ abẹ láti yọ àpò òróòro yóò tẹ̀lé e, kí àrùn náà má baà padà.

Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ọ̀tà. Àwọn ńlá tí a lè gbé aláìsàn lọ sì wà ní Abẹ́òkúta, Ṣàgámù àti Ìkẹjà. Ohun tí kò ṣeé rà padà ni ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí omi ara ń jò tí a kò sì tíì dá a padà.

Ọ̀rọ̀ èdè-ìperí

Iṣẹ́ èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọladélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni títí di òní. Ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì rí irú rẹ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú.

Ọ̀nà tí èdè fi ń sọ àìsàn lórúkọ ti wà nílẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde kò mẹ́nu ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀; ìṣe àrùn náà ni ó sọ. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sọ ohun tí ojú rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ àpèjúwe tí ìkéde ìlera sọ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Kíndìnrín pàápàá, tí kò sí ẹni tí ó kà á sí àlejò mọ́, láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé "iwe" tí Bíbélì Yorùbá lò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Nítorí náà, kò sí ìdí tí páńkíríásì kò fi lè di ọmọ ilé. Bí a bá sì fẹ́ àpèjúwe, "ẹran ẹ̀yìn àpòlúkù" sọ ibi tí ó wà, ó sì súnmọ́ ohun tí àwọn Gíríìkì rí. Fún àrùn náà, "àjẹra páńkíríásì" sọ ìṣe rẹ̀ bí fòníkú-fọ̀ladìde ti sọ tirẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní a ń jẹ òun láti inú láìnàka sí aládùúgbò.

Orúkọ tí ó bá máa dúró gbọ́dọ̀ yẹ ní ẹnu nọ́ọ̀sì, ní orí rédíò àti ní gárèjì. Inú yàrá onímọ̀ nìkan kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni yóò jọ ṣe é.

Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé wíwú òjijì páńkíríásì jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ní ètò: ohun tí ó yẹ kí ó jí nínú ìfun ni ó jí ṣáájú àkókò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibi tí a ti bí i. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé òkúta òróòro fòníkú-fọ̀ladìde àti ọtí líle tí a pè ní oògùn jẹ́ ọ̀nà méjì tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lè gbà dé irú ìlú bí Ọ̀tà. Orúkọ kò wo àrùn sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè sọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yẹ ẹran ẹ̀yìn àpòlúkù rẹ̀ wò," ti dín wákàtí tí ìbá ṣòfò kù, wákàtí wọ̀nyẹn sì lè jẹ́ ẹ̀mí.